Orí Kẹrin: Yíya Fọ́tò Ara Ẹni

Nínú orí mẹ́ta tó ṣáájú èyí, a ti rí bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń gba ojú lẹ́ńsì wọ inú kámẹ́rà, a ti mọ ohun tí ihò lẹ́ńsì wà fún, a sì ti mọ ìgbà tó yẹ ká gbé ISO sókè àti ìgbà tó yẹ ká rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ó wá ku ẹni tí a máa yà. Má wulẹ̀ wá ẹnikẹ́ni kiri, ìwọ náà ni. O kò ní bi ara rẹ pé ìgbà wo ni fọ́tò máa jáde, o kò ní sọ pé oòrùn ń pa ọ́. Bí iṣẹ́ náà bá bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, o lè tún un ṣe lẹ́ẹ̀kọkànlá láìsí ẹni tó máa kùn sí ọ.

Ṣùgbọ́n nítorí ìrọ̀rùn yẹn kọ́ ni mo ṣe fi iṣẹ́ yìí ṣáájú fọ́tò ìgbéyàwó àti fọ́tò ìkómọ. Ẹni tí kò bá tíì jókòó pẹ́ níwájú kámẹ́rà kò mọ bí ọrùn ṣe ń gan, kò mọ bí ọwọ́ ṣe ń dà bí ẹrù tí kò síbi tí a máa gbé e sí, kò sì mọ bí ẹ̀rín ṣe ń kú mọ́ni lẹ́nu láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Lọ́jọ́ tí ìyá àgbà kan bá ti Ìtàpá wá bá ọ ní Ọyẹ́ láti ya fọ́tò àádọ́rin ọdún, ohun tí o mọ̀ nípa ara tìrẹ lo máa fi ràn án lọ́wọ́. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rẹ àgbọ̀n yín sílẹ̀ díẹ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dẹ̀ lẹ́nu ẹni tó ti rẹ àgbọ̀n tirẹ̀ sílẹ̀ rí.

Ní ọdún 2011 ni ìjọba àpapọ̀ fi fọ́tò yíyà kún iṣẹ́ ọwọ́ 34 tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì àgbà lè yàn nínú wọn nígbà náà. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n dá Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ sílẹ̀ ní Ọyẹ́-Èkìtì, tí ọgbà rẹ̀ kejì wà ní Ìkọ̀lé. Nítorí náà, ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ lè jẹ́ ọmọ SS1 ní Ìdó, ó sì lè jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó háyà yàrá ní Ìkọ̀lé. Kámẹ́rà olówó ńlá kò pọn dandan. Fóònù tó bá ní táímà ti tó fún gbogbo ohun tó wà nínú orí yìí.

Ẹ̀kọ́ kan tó ti wà nílẹ̀ ní Ọyẹ́

Ní ọdún 1947, àlùfáà Kátólíìkì méjì tí wọ́n jẹ́ ti ẹgbẹ́ ajíhìnrere SMA, Fáàdá Kevin Carroll àti Fáàdá Sean O'Mahoney, dá ilé iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní Ọyẹ́-Èkìtì. Wọ́n kó agbẹ́gilére, ahunṣọ àti àwọn tó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣọnà jọ láti ṣe iṣẹ́ fún ilé ìjọsìn, wọn kò sì ní kí ẹnikẹ́ni gbàgbé ọnà tó bá lọ́wọ́ baba rẹ̀. Bándélé wà níbẹ̀, ọmọ Aréògún, ògbóǹtarìgì agbẹ́gilére ará Ọ̀sì tó wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara lónìí. Lọ́dọ̀ Bándélé yìí ni Lamidi Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún, ti kọ́ṣẹ́ kí òkìkí rẹ̀ tó kàn káàkiri ayé. Ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé ní 1954.

Carroll fúnra rẹ̀ máa ń gbé kámẹ́rà. Ìwé rẹ̀, Yoruba Religious Carving, tó jáde ní 1967, kún fún fọ́tò, ibẹ̀ ló sì ti ṣàlàyé pé ìpele mẹ́rin ni àwọn agbẹ́gilére wọ̀nyí máa ń tẹ̀ lé. Ọnà lílé ni àkọ́kọ́: àáké ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n á la igi sí orí, ara àti ẹsẹ̀, kò ní ojú, kò ní imú. Àlétúnlé ló tẹ̀ lé e: wọ́n á tún àwọn ègé ńlá yẹn pín, etí á yọ, apá á kúrò lára ìhà. Lẹ́yìn náà ni dídán, tí wọ́n á jẹ́ kí ara igi jọ̀lọ̀. Fínfín ló kẹ́yìn, ibẹ̀ ni ìpéǹpéjú, ilà ojú, irun dídì àti ọ̀ṣọ́ aṣọ ti ń wọlé, ọ̀bẹ ni wọ́n sì fi ń ṣe é.

Mo kọ́ ìpele mẹ́rin yìí kí n tó mọ̀ pé òun ni mo máa fi kọ́ni ní fọ́tò. Àléébù tí mo ń rí jù lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ni pé fínfín ló máa ń kọ́kọ́ dáwọ́ lé. Á tún ojú ṣe, á tún gèlè ṣe, á dán ẹ̀rín oríṣi mẹ́fà wò, kò sì tíì mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá. Agbẹ́gilére tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ìpéǹpéjú ti fi igi ṣòfò. Ìdí nìyí tí a fi máa gba ọ̀nà tí àwọn ará Ọyẹ́ gbà.

Ọnà lílé: ibi, ìmọ́lẹ̀ àti ìjìnnà

Ẹnu ọ̀nà ni kí o wá. Yàrá akẹ́kọ̀ọ́ kì í sábà ju fèrèsé kan lọ, iná mànàmáná kì í sì í fìgbà gbogbo wà, ṣùgbọ́n kò sí yàrá tí kò ní ilẹ̀kùn. Ṣí ilẹ̀kùn náà gbayawu. Bí gílóòbù bá ń tàn, pa á, nítorí ìmọ́lẹ̀ gílóòbù sábà máa ń pọ́n ju ti ìta lọ, bí méjèèjì bá sì pàdé lójú ènìyàn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan á pupa rúsúrúsú, èkejì á dà bíi búlúù. Gbé àga sínú ilé ní ìgbésẹ̀ méjì sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí oòrùn kò dé. Jókòó kí ojú rẹ kọ síta gbangba. Wàá rí i pé ojú rẹ mọ́lẹ̀ dọ́gba, kò sí òjìji kankan. Wá yí àga náà díẹ̀díẹ̀ títí èjìká rẹ kan á fi kọjú sí ìta. Ẹ̀gbẹ́ imú kan á máa ṣókùnkùn, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ á yọ, ojú tó tẹ́ pẹrẹsẹ tẹ́lẹ̀ á ní òkè àti pẹ̀tẹ́lẹ̀. Dúró níbi tó bá tẹ́ ọ lọ́rùn. Àga yíyí yìí ni iṣẹ́ àáké nínú fọ́tò. Fi tó wákàtí kan ṣe é, kó o má tíì fọwọ́ kan kámẹ́rà rárá.

Kí ló dé tí mi ò ní kí o bọ́ síta? Oòrùn ọ̀sán wa ni. Àríwá Èkìtì kò jìnnà sí ìlà ìdajì ayé, nǹkan bí ìwọ̀n 8 sí àríwá rẹ̀ la wà, nítorí náà ní Oṣù Kẹrin àti ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹsàn-án, oòrùn aago méjìlá àbọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró láàárín orí ẹni gan-an. Iwájú orí á máa dán, ihò ojú á sì di kòtò dúdú méjì. Àsìkò ọyẹ́ ló yàtọ̀. Láti Oṣù Kejìlá dé Oṣù Kejì, eruku tó ti aṣálẹ̀ wá máa ń bo ojú ọ̀run bí aṣọ àlà, á fọ́n ìmọ́lẹ̀ oòrùn ká, òjìji á sì rọ̀. Àárọ̀ ọyẹ́ ní Ìkọ̀lé, kí aago mẹ́sàn-án tó lù, dára fún fọ́tò ojú ju iná sítúdíò púpọ̀ tí mo ti rí lọ. Ètè gbígbẹ nìkan ni ìyà ibẹ̀, òrí sì wà fún ìyẹn.

Ìjìnnà ló kàn, ibẹ̀ sì ni sẹ́lífì ti máa ń tan ènìyàn jẹ. Bí o bá na ọwọ́ yà ara rẹ, tí o sì ká ìgbọ̀nwọ́ díẹ̀, fóònù lè má jìn sí imú rẹ ju sẹ̀ǹtímítà 30 lọ. Etí rẹ wà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 12 sẹ́yìn imú. Ìyẹn ni pé sẹ̀ǹtímítà 42 ni etí fi jìnnà sí lẹ́ńsì nígbà tí imú wà ní 30. Ohun tó bá sún mọ́ lẹ́ńsì ló ń tóbi: bí o bá pín 42 sí ọ̀nà 30, wàá rí 1.4, èyí tó túmọ̀ sí pé kámẹ́rà fi ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá gbé imú rẹ ga ju bó ṣe yẹ lọ sí etí. Wá gbé fóònù yẹn lọ sí mítà kan àbọ̀. Imú wà ní 150, etí wà ní 162, ìyàtọ̀ wọn kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Imú rẹ kò tóbi, fóònù ló sún mọ́ ọ jù. Mo ti rí ọmọbìnrin tó ń sunkún lórí imú rẹ̀ nínú kíláàsì, ìṣirò yìí ni mo kọ sójú pátákó fún un. Nítorí náà, gbé fóònù tàbí kámẹ́rà rẹ ka orí àpótí, orí wíńdò, orí bíríkì Ìrè-Èkìtì mẹ́ta tí o tò léra, ohunkóhun tí kò bá mì, kí o sì fi tó mítà kan àbọ̀ sí méjì sílẹ̀.

Bí o bá wá jìnnà sí kámẹ́rà, ta ló máa bá ọ wo inú rẹ̀? Fọ́tò ara mi àkọ́kọ́ pẹ̀lú táímà, ògiri tó wà lẹ́yìn mi ló hàn kedere, gbogbo ìṣó tó wà lára rẹ̀ ṣeé kà, ojú tèmi sì rí bàìbàì bí ẹni tó wà lẹ́yìn omi. Ìgbálẹ̀ ló yanjú rẹ̀ fún mi. Mú ìgbálẹ̀ tó ní ọ̀pá gígùn, fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti àga gan-an níbi tí ojú rẹ máa wà, kí o so ègé bébà tí a kọ ọ̀rọ̀ sí mọ́ ọn ní ìwọ̀n ibi tí ojú rẹ máa ga dé. Padà sídìí kámẹ́rà, jẹ́ kó mú ọ̀rọ̀ inú bébà yẹn títí o fi lè kà á. Bí kámẹ́rà bá ní ibi tí a ti ń fi ọwọ́ darí lẹ́ńsì, yí i síbẹ̀ kí ó má baà tún ojú yí padà. Bí fóònù bá ni, tẹ bébà náà lójú fóònù, kí o má sì gbé ìka kúrò títí á fi sọ fún ọ pé òun ti tì í pa. Fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sílẹ̀ níbi ẹsẹ̀ àga. Mú ìgbálẹ̀ kúrò, jókòó sípò rẹ̀. Fún ẹni tó ní kámẹ́rà, ihò lẹ́ńsì f/5.6, ìdá kan nínú ọgọ́ta ìṣẹ́jú àáyá àti ISO 800 dára láti bẹ̀rẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn tó ṣí. Fi táímà sí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá.

Robert Cornelius kò ní táímà. Ní ọdún 1839, ní ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà, ó gbé kámẹ́rà kalẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àtùpà bàbá rẹ̀, ó ṣí ìdérí lẹ́ńsì, ó sáré lọ dúró níwájú rẹ̀, ó sì dúró láìmira. Fọ́tò yẹn wà lára fọ́tò ara ẹni tó pẹ́ jù tó ṣì wà láyé. Kò wà láàárín àwòrán, irun rẹ̀ rí wúruwùru. Ṣàkíyèsí pé kò sẹ́ni tó ń bínú sí i nítorí ìyẹn títí dòní.

Àlétúnlé: ìjókòó, ọwọ́ àti ọrùn

Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, lọ gbé kámẹ́rà àti ìwé àkọsílẹ̀ sí Ìlá-Ọ̀ràngún ní 1975, kò jìnnà púpọ̀ sí ìhà tiwa níbí. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bí àwọn fọtógíráfà Yorùbá ṣe ń ṣiṣẹ́ wọn, ó sì tẹ ohun tó rí jáde ní 1978. Ó rí i pé fọ́tò àgbàlagbà ní ìlànà tirẹ̀: ẹni náà á jókòó ṣánṣán, á kọjú sí kámẹ́rà tààrà, ọwọ́ méjèèjì á wà lórí itan, ẹsẹ̀ á yà díẹ̀, aṣọ ńlá á tẹ́ rẹrẹ, gbogbo ara láti orí dé bàtà á sì wọ inú fọ́tò. Bí o bá ní fọ́tò bàbá bàbá rẹ nínú ilé, lọ wò ó báyìí. Ó ṣeé ṣe kí ìjókòó yìí gan-an lo máa bá níbẹ̀, ìjókòó tí àwọn ère agbẹ́gilére náà ń jókòó.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń pè é ní ìjókòó ayé àtijọ́. Mo rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọ́kọ́ jókòó bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó kọ̀ ọ́. Ó le ju bó ṣe rí lọ. Ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ nà láìsí pé àyà ń wú. Ọwọ́ tó wà lórí itan gbọ́dọ̀ sinmi, kó má ṣe di ìkúùkù, kó má sì ṣe tẹ́ bí ẹja gbígbẹ. Fi èémí sílẹ̀ kí o tó gbọ́ ìró kámẹ́rà, èjìká á wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ti orí síwájú díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnì kejì dáadáa, kí o wá rẹ àgbọ̀n sílẹ̀: ìyẹn á fa awọ ọrùn, á sì jẹ́ kí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ hàn. Láti iwájú, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé o ti orí síwájú.

Gíga kámẹ́rà náà ń sọ̀rọ̀. Kámẹ́rà tó wà nísàlẹ̀ àyà máa ń sọ ènìyàn di ọba, èyí tó wà lókè orí máa ń sọ ọ́ di ọmọdé. Fún fọ́tò àkọ́kọ́ yìí, gbé e sí ìwọ̀n ojú rẹ gan-an.

Nígbà tí o bá ti jókòó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, o lè wá fẹ̀gbẹ́ sí i, o lè dúró, o lè fi ọwọ́ lé ẹ̀bátí, o lè kọ ẹ̀yìn sí kámẹ́rà pátápátá. Ohun tí o bá kọ̀ lẹ́yìn tí o ti mọ̀ ọ́n ṣe, kíkọ̀ rẹ̀ á ní ìtumọ̀ nínú àwòrán.

Dídán: awọ wa àti ẹ̀rọ tí kò mọ̀ ọ́n

Kámẹ́rà kò mọ ènìyàn. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń ṣírò gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó wà níwájú rẹ̀ pọ̀, á wá fẹ́ kí àròpọ̀ náà bọ́ sí àárín dúdú àti funfun, ní àwọ̀ eérú. Bí o bá jókòó síwájú ògiri funfun, tí o sì tún wọ aṣọ funfun, á rò pé ìmọ́lẹ̀ pọ̀ jù, á dín in kù, ojú rẹ á sì ṣókùnkùn. Bí ògiri bá dúdú, á ṣe òdì kejì, awọ rẹ á ràn bí ẹni pé wọ́n fi eérú pa á. Nítorí náà, ojú rẹ ni kí o fi wọn ìmọ́lẹ̀, má fi ògiri wọ̀n ọ́n. Níwájú ògiri funfun, fi ìpele kan kún ìmọ́lẹ̀ tí kámẹ́rà yàn. Níwájú ògiri dúdú, yọ ìpele kan. Lórí fóònù, tẹ ojú rẹ nínú àwòrán, kí o fa àmì oòrùn kékeré yẹn sókè tàbí sísàlẹ̀. Ògiri amọ̀ pupa, tí ó ṣì pọ̀ ní àwọn ilé àtijọ́ wa, kò fa wàhálà yìí rárá, ó sì bá awọ wa mu débi pé mo máa ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ wá a.

Ìtàn kan wà nídìí èyí tó yẹ kí ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà tó bá ń gbé kámẹ́rà mọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ìlàjì kejì ọ̀rúndún tó kọjá, káàdì kan tó ní àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun ni ilé iṣẹ́ Kodak ń kó ránṣẹ́ sáwọn ibi tí wọ́n ti ń fọ fíìmù, kí wọ́n fi díwọ̀n àwọ̀. Káàdì Shirley ni wọ́n ń pè é. Bí awọ obìnrin yẹn bá ti jáde dáadáa, iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Ojú aláwọ̀ dúdú á wà nínú fọ́tò kan náà, eyín àti funfun ojú rẹ̀ nìkan ló sì máa hàn. Àwọn fọtógíráfà tiwa mọ̀ pé fíìmù ló ní àléébù, ojú àwọn ènìyàn wọn kò ní àléébù kankan, wọ́n sì wá ọgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tó kápá rẹ̀.

Apá pàtàkì nínú ọgbọ́n yẹn ni dídán gan-an. Òjìji ni awọ funfun fi ń fi hàn bí ojú ṣe rí. Awọ dúdú ń lo ohun mìíràn: ibi tó ń dán lára rẹ̀ ló ń sọ ibi tí egungun wà. Wo ère tí ọwọ́ ti pa lára fún ọdún púpọ̀, wàá rí i pé dídán tó wà ní iwájú orí àti orí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló jẹ́ kí o rí bó ṣe yípo. Má nu gbogbo òróró ojú rẹ nù, má sì da páúdà bò ó. Fi òrí díẹ̀ pa ojú, nu ibi tó bá pọ̀ jù, kí o jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ńlá ẹnu ọ̀nà yẹn tẹ́ sí ara rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ńlá ń fún awọ ní dídán tó fẹ̀, tó rọ̀. Fláàṣì kékeré orí fóònù ń fún un ní àmì funfun kan ṣoṣo, bí ẹni fi ṣọ́ọ̀kì kan án níwájú orí.

Àwọn ohun èlò orí fóònù tó ń bó awọ, tó ń pa gbogbo ihò ara rẹ́, tó ń tín imú, kò sí nínú ẹ̀kọ́ yìí. Mi ò ní gbà á lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kankan. Agbẹ́gilére ń mú kí igi dán, kò sọ igi di irin.

Fínfín

Èyí kò gba àlàyé púpọ̀ bí ìpele mẹ́ta tó kù bá ti dúró. Fi aṣọ mímọ́ nu lẹ́ńsì, pàápàá ti fóònù tó ń ti inú àpò bọ̀. Wo inú ẹyinjú rẹ nínú fọ́tò: ó yẹ kí àwòrán ẹnu ọ̀nà kékeré funfun kan wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, ojú á dà bí ti ẹni tó ń sùn lójú ṣíṣí. Yí orí síhà ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ títí á fi yọ. Aṣọ tó ní ọnà wẹ́wẹ́ jù máa ń bá ojú du àwòrán, àdìrẹ tàbí òfì tí ìlà rẹ̀ tóbi á gba ojú láyè. Yọ ike omi àti wáyà ṣájà kúrò lẹ́yìn.

Ṣé èmi nìyí?

Gbogbo kíláàsì ló máa ń bi mí. Akẹ́kọ̀ọ́ á wo fọ́tò tí òun fúnra rẹ̀ yà, á ní kò jọ òun. Apá kan nínú rẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ dígí lọ. Inú dígí la ti mọ ojú ara wa, dígí sì ń pa ọ̀tún dà sí òsì. Ẹni tí àpá wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ òsì máa ń rí i ní ọwọ́ òsì dígí láràárọ̀, bó bá wá rí fọ́tò, àpá ti bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún àwòrán. Ojú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni fọ́tò fi wò ó, òun nìkan ni kò tíì rí ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀pọ̀ fóònù tún máa ń ṣe bíi dígí nígbà tí o bá ń wo ara rẹ nínú wọn, wọ́n á sì yí àwòrán padà lẹ́yìn tí o bá ti tẹ̀ ẹ́ tán.

Apá kejì jìn ju ìyẹn lọ. Nígbà tí Robert Farris Thompson, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ń bi àwọn Yorùbá léèrè ohun tó ń mú ère dára, ọ̀rọ̀ kan tó gbọ́ lẹ́nu wọn ni jíjora. Ère gbọ́dọ̀ jọ ènìyàn, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ jọ ọ́ ju bó ṣe yẹ lọ débi tí yóò fi dà bí ẹni tí wọ́n dà gbọ̀ọ̀rọ̀gbọọrọ sínú igi, kò sì gbọ́dọ̀ jìnnà débi tí a kò fi ní mọ ẹni tó jẹ́. Àárín ló ń gbé. Mo fẹ́ kí o gbé ọ̀rọ̀ yìí dání lọ sídìí fọ́tò rẹ. Má bi í pé ṣé ó rẹwà. Bi í pé ṣé ó jọra, ṣé ẹni tó mọ̀ ọ́ dáadáa á rí nínú rẹ̀ ohun tó mọ̀ nípa rẹ.

Samuel Fosso mọ ìbéèrè yìí láti kékeré. Wọ́n bí i ní Kumba ní Kamẹrúùnù ní 1962, Nàìjíríà ló dàgbà sí lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ àgbà, lẹ́yìn ogun abẹ́lé ni wọ́n mú un lọ sí Bangui ní orílẹ̀-èdè Central African Republic. Ọmọ ọdún 13 ni nígbà tó ṣí sítúdíò tirẹ̀ níbẹ̀ ní 1975. Lálẹ́, bí àwọn oníbàárà bá ti lọ, tí fíìmù sì ṣẹ́ kù díẹ̀, kò jẹ́ kó ṣòfò. Á wọ ṣòkòtò ẹlẹ́nu gbàràmù àti bàtà onígigísẹ̀, á gbé gíláàsì sójú, á yà ara rẹ̀. Ó máa ń fi díẹ̀ nínú wọn ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ àgbà ní Nàìjíríà kí màmá lè rí i pé ọmọ òun wà láàyè, ara rẹ̀ sì le. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogún ọdún kí ayé tó rí àwọn fọ́tò yẹn, ní ìpàtẹ fọ́tò Bamako ní 1994. Lónìí ó wà lára àwọn olórúkọ ńlá jù nínú fọ́tò ara ẹni ní gbogbo ayé, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ ya wọ́n fún jẹ́ ìyá àgbà kan ṣoṣo.

Ní Accra, Felicia Abban ní ìdí mìíràn nígbà ayé rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́, ó sì wà lára àwọn obìnrin àkọ́kọ́ tó fi fọ́tò yíyà ṣiṣẹ́ jẹun ní Gánà. Bó bá ti múra tán láti lọ sóde, á kọ́kọ́ dúró níwájú kámẹ́rà tirẹ̀, á ya aṣọ, bàtà, ìdúró àti gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá wọ sítúdíò rẹ̀ á rí fọ́tò wọ̀nyẹn lára ògiri, á sì mọ ohun tí ọwọ́ obìnrin yìí lè ṣe. Bí o bá fẹ́ ṣí sítúdíò ní Ìfàkì tàbí Ayédé lọ́la, ronú lórí èyí. Kò sí ẹni tó máa jẹ́ kí o fi ojú òun polówó lọ́fẹ̀ẹ́ bí ojú tìrẹ.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Ní ẹnu ọ̀nà kan náà, lórí àga kan náà tí o ti fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí, yà ara rẹ ní aago méje àárọ̀, méjìlá ọ̀sán àti mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Kọ ibi tí òjìji imú bọ́ sí nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

2. Yà ara rẹ láti sẹ̀ǹtímítà 30, 75 àti 150. Fi rúlà wọn bí imú àti etí ṣe fẹ̀ tó nínú fọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí o sì fi wé ìṣirò tó wà nínú orí yìí. Bí irun tàbí gèlè bá bo etí, lo ojú àti etí ọ̀rẹ́ rẹ.

3. Wá fọ́tò àgbàlagbà kan nínú ìdílé rẹ, èyí tí wọ́n yà kí wọ́n tó bí ọ. Tọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Jókòó bí ẹni inú rẹ̀ ṣe jókòó, kí ìmọ́lẹ̀ wá láti ibi tó ti wá nínú tirẹ̀, kí o sì ya ara rẹ.

4. Yan ẹnì kan tí o kò tíì fojú kàn láti ọdún kan, tí ó ṣeé ṣe kó máa ṣàníyàn nípa rẹ. Ya fọ́tò kan ṣoṣo fún un, lẹ́yìn tí o ti fi wákàtí kan palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, fi bírò kọ orúkọ rẹ, ọjọ́ àti ibi tí o ti yà á sẹ́yìn rẹ̀, mú un wá sí kíláàsì ká jọ wò ó, kí o tó fi ránṣẹ́.